Olùkọ́ Tuntun ní Houston: Ibo ni kí N Ti Ṣiṣẹ́, Ibo ni kí N Máa Gbé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Mo fi ọdún 11 kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Ìbàdàn kí n tó wá bá ọkọ mi ní Houston. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Texas Medical Center. Ìwé ìgbélùú wa ti pé, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ Texas. Ilé àbúrò ọkọ mi ní Alief ni a ṣì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àkọ́bí sì jẹ́ ọmọ ọdún 14. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé kí a ra ilé sí Katy kí n sì wá iṣẹ́ síbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni ìjọba fún ní A, lẹ́tà tó ga jù nínú èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn ní Houston ISD, agbègbè ẹ̀kọ́ ti Houston, ló ń sanwó jù. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú ìfaradà ilé àná. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ya ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́. Ẹ háyà ilé sí ibi tí ẹ ti lè dé agbègbè ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láì la ìlú já, kí ẹ má sì ra ilé kankan títí ẹ óò fi lo sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti olùkọ́ ní Texas ló ṣeé gbé láti agbègbè ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ìpínlẹ̀ ló fún yín ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà ibi gbogbo ni wọ́n ti gbà á. Àjọ kan ṣoṣo, Teacher Retirement System of Texas, ni yóò máa tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín níbi yòówù tí ẹ bá ti ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọjọ́ ìsinmi márùn-ún tí òfin ìpínlẹ̀ fún olùkọ́ lọ́dọọdún pàápàá, bí ẹ kò bá lò ó, yóò máa ṣẹ́jọ, yóò sì bá yín lọ bí ẹ bá ṣí kúrò. Ilé nìkan ni kò ṣeé gbé rìn, òun gan-an sì ni àwọn ènìyàn wa máa ń kọ́kọ́ rà.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ètò náà ṣe rí, nítorí pé kò jọ ti ilé. Ní Ọ̀yọ́, TESCOM ló ń gba olùkọ́, TESCOM ló sì ń pín wọn káàkiri. Níbí, agbègbè ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ISD, dá dúró gedegbe: ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò dìbò yàn, ó ní ọ̀gá àgbà tirẹ̀, ó ń gba owó orí tirẹ̀ lórí ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gba olùkọ́. Ó lé ní 1,000 irú wọn ní ìpínlẹ̀ yìí. Ààlà wọn kì í bá ààlà ìlú tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ mu. Katy ISD nìkan wọ inú káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ ti ibí) mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Ilé tí wọ́n kọ Richmond sí àdírẹ́sì rẹ̀ lè wà lábẹ́ Lamar CISD tàbí Fort Bend ISD. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ Houston sí sì lè jẹ́ ti Alief, ti Spring Branch, ti Aldine tàbí ti Cypress-Fairbanks. Mo ti rí ìdílé tí ó ra ilé nítorí orúkọ ìlú tí ó wà nínú àdírẹ́sì, tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kó wọlé pé agbègbè ẹ̀kọ́ mìíràn ni àwọn ọmọ yóò lọ. Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀ fún ilé kankan, ẹ wo àkọsílẹ̀ owó orí ilé náà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní káńtì yẹn. Orúkọ ISD tó ń gba owó orí rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ kedere.

Ní ti lẹ́tà A yẹn, mi ò sọ pé kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń sọ. Ohun mẹ́ta ni Texas Education Agency, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, ń wò: àkọ́kọ́, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ṣe nínú ìdánwò STAAR ti ìpínlẹ̀, pẹ̀lú bí àwọn ọmọ girama ṣe ń jáde àti bí wọ́n ṣe gbaradì fún yunifásítì tàbí iṣẹ́; èkejì, bí wọ́n ṣe tẹ̀ síwájú sí ti ọdún tó kọjá; ẹ̀kẹta, bí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe ń ṣe sí lọ́dọ̀ onírúurú àwọn ọmọ, títí kan àwọn tí kò tíì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Èyí tó bá dára jù nínú méjì àkọ́kọ́ ló ń kó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kẹta sì ń kó ìdá 30 yòókù. Lẹ́tà náà ń sọ nípa àwọn ọmọ. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń bá olùkọ́ lò, kò sì sọ bóyá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò tì yín lẹ́yìn nígbà tí òbí bá bínú wá. Ó tún máa ń gbó: ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ dá àbájáde ọdún 2023 dúró títí di oṣù kẹrin ọdún 2025, ti 2024 sì jáde pọ̀ mọ́ ti 2025 ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tí ó fi jẹ́ pé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́tà àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbé kiri. Ìdánwò STAAR fúnra rẹ̀ yóò kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí òfin ọdún 2025 fi ìdánwò kéékèèké mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ láti sáà 2027 sí 2028.

Ìwé tí ó wúlò fún olùkọ́ ju lẹ́tà lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní TAPR. Ìjọba ń gbé e jáde lọ́dọọdún fún gbogbo ISD àti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ti ISD, ẹ wá iye olùkọ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan, kí ẹ fi wé ti gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo iye àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti iye àwọn tí wọ́n ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kí ẹ sì wo iye ọdún tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ti lò. Bí ìdajì àwọn olùkọ́ kò bá tíì lo ọdún márùn-ún, tí ọ̀gá náà sì jẹ́ àlejò, a jẹ́ pé ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò tí ó ti lo ọdún 11 ni wọn yóò máa sáré tọ̀ wá fún gbogbo ìṣòro. Ó lè dùn mọ́ yín. Ṣùgbọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ nínú ètò tuntun, ìwọ̀nba ni agbára ènìyàn.

Houston ISD ni ISD tó tóbi jù ní Texas, ó sì nílò ìdáhùn tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba ìpínlẹ̀ gba àkóso rẹ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn ènìyàn dìbò yàn, wọ́n yan ìgbìmọ̀ mìíràn, wọ́n sì fi Mike Miles ṣe ọ̀gá àgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sún ìgbà tí àkóso ìjọba náà yóò parí síwájú di ọdún 2027. Miles gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó ń jẹ́ New Education System, tàbí NES, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 80. Òótọ́ ni pé owó àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ NES ga. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún yín, wọ́n á ti fi ìṣẹ́jú pín in, àwọn alábòójútó á sì máa wọ kíláàsì wá wo bí ẹ ṣe ń tẹ̀lé e lemọ́lemọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí kò fẹ́ máa fi alẹ́ wọn kọ ìwé ìmúrasílẹ̀. Èmi rò pé olùkọ́ ìṣirò tí ó ti mọ ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà ṣàlàyé ìdá fún ọmọ kan náà yóò rí i pé ètò náà fún òun lọ́rùn. Bí ẹ bá fẹ́ràn Houston ISD, ẹ béèrè ní tààrà bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé yín sí wà lábẹ́ NES, kí ẹ sì wọ kíláàsì kan lọ jókòó kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí owó, nítorí ibẹ̀ ni ìkéde ti máa ń tan ènìyàn. Owó olùkọ́ tuntun ni gbogbo ISD máa ń kọ gàdàgbà sójú pátákó, ó sì ti lé ní 60,000 dọ́là lọ́dún ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ISD ńláńlá tó yí Houston ká. Ẹ̀yin kì í ṣe olùkọ́ tuntun. Ẹ wo ìlà ọdún 11, ọdún 15 àti ọdún 20 nínú tábìlì owó oṣù wọn. Ẹ ó rí i pé ní àwọn ibì kan, ọdún mẹ́wàá kò fi nǹkan tó tó kún owó náà. Ẹ tún wo iye ọjọ́ tí owó náà wà fún. Ọjọ́ 187 ló wọ́pọ̀.

Kí ọdún 11 yín tó lè wọ inú tábìlì yẹn, àfi kí ẹ ní ẹ̀rí. Ìwé kan wà tí Texas ń lò fún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, FIN-115 ni nọ́ńbà rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ yín ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ kọ ọdún kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ sí ọ́fíìsì TESCOM láti ìsinsìnyí, nítorí pé ẹ mọ̀ bí fáìlì ṣe máa ń pẹ́ lórí tábìlì. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ níbikíbi, ẹ ní kí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kọ iye ọdún tí wọ́n kà fún yín sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ISD tó ka gbogbo rẹ̀ àti èyí tí kò ka ìkankan lè pọ̀ ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín Katy àti Alief lọ.

Òfin tí gómìnà fọwọ́ sí ní ọdún 2025 tún da owó ìmóríyá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní agbègbè ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ti lé ní 5,000, olùkọ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń gba àfikún 2,500 dọ́là, ẹni tó ti lo márùn-ún sókè ń gba 5,000. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ju 5,000 lọ, 4,000 àti 8,000 ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ má ṣe gbójú fo Stafford, agbègbè ẹ̀kọ́ kékeré tó wà láàárín Houston ISD àti Fort Bend ISD, tí kì í sábà bọ́ sí ẹnu àwọn ènìyàn wa. Ètò mìíràn tún wà láti ọdún 2019, Teacher Incentive Allotment, tí ìpínlẹ̀ fi ń san owó gọbọi lórí olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ta yọ. Bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ṣe jẹ́ ọmọ tálákà tó ni owó náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ tó dáńtọ́ má baà sá fún irú Alief. Ẹ béèrè bóyá ISD tí ẹ ń lọ ti wọ inú ètò yìí.

Lára owó oṣù yín, ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò máa lọ sí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀tọ́ yín sí i yóò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ISD ní Texas kò sí nínú Social Security, owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà wọn kì í yọ owó yẹn. Òfin àtijọ́ tí ó máa ń dín Social Security olùkọ́ kù, títí kan èyí tí ó lè tọ́ sí i láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ni wọ́n ti fagi lé ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ní ti ìdójútòfò ìlera, 225 dọ́là lóṣù ni ó kéré jù tí ìpínlẹ̀ àti ISD gbọ́dọ̀ fi ran olùkọ́ lọ́wọ́, ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún sì ń ná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí ilé ìwòsàn ọkọ yín bá ní ìdójútòfò tí ó dára fún gbogbo ilé, ẹ dúró sínú tiwọn.

Ní ti ìwé àdéhùn iṣẹ́, ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Ti ọdún àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ti ìdánwò-wò, ISD sì lè sọ ní òpin ọdún pé àwọn kò fẹ́ mọ́. Ẹ̀yin náà lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì jẹ gbèsè bí ẹ bá kọ̀wé ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 45 kí ẹ̀kọ́ sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, bí wọn kò bá yọ̀ǹda yín, ẹjọ́ lè dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé tiyín fún ìgbà kan. Ẹ má ṣe retí ohun tí NUT ń ṣe nílé. Òfin Texas kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba láàyè láti yanṣẹ́ lódì. Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo olùkọ́ tó ti ilé dé: ẹ má ṣe fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ etí ni ẹ fẹ́ fà. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba iṣẹ́ olùkọ́ dáadáa jẹ́ níṣojú mi.

Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n léèrè. Òfin ìpínlẹ̀ fún olùkọ́ ní ìṣẹ́jú 450 fún ìmúrasílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó sì fún un ní ìṣẹ́jú 30 láti jẹun láìsí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń lo ìṣẹ́jú ìmúrasílẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ní ìpàdé ló ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ béèrè ẹni tó wà nínú kíláàsì náà ṣáájú yín àti ibi tó lọ. Ọ̀pọ̀ ISD ti lo òfin ọdún 2015 kan láti yọ ara wọn kúrò nínú àwọn ìlànà kan, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí tiwọn yọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó bá dáhùn láì fi bọpo bọyọ̀ sọ́rọ̀ níye lórí lójú mi ju lẹ́tà A lọ.

Ilé wá kù. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ háyà sí ni Mission Bend tàbí àyíká rẹ̀, níbi tí Alief àti Fort Bend ti fara kan ara wọn, tí Katy kò jìnnà, tí Stafford àti apá ìwọ̀-oòrùn Houston ISD sì wà nítòsí. Láti ibẹ̀, ọkọ yín lè gba Westpark Tollway tàbí Southwest Freeway lọ sí Medical Center. Láti inú Katy, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí I-10 láàárọ̀ yóò jẹ wákàtí nọ́ọ̀sì tí ó yẹ kí ó ti sùn. Ẹ fi ọkọ̀ dán ọ̀nà náà wò ní àkókò tí iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ Àìkú kò lè sọ òtítọ́ fún yín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ rántí pé Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, owó orí ilé ló máa ń wúwo, owó ISD ló sì máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2025, 140,000 dọ́là nínú iye ilé tí ẹ ń gbé ni owó orí ISD kò kàn. Ṣùgbọ́n ní àwọn àdúgbò tuntun, owó orí MUD, èyí tí wọ́n fi ń san gbèsè omi àti kòtò ìdọ̀tí, tún wà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn wá kò ṣàìgbọ́ nípa omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey mú kí omi tí ìdídò (dáàmù) Barker dá dúró kún wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní Cinco Ranch àti Canyon Gate, nínú agbègbè Katy ISD gan-an, omi sì ba ilé-ẹ̀kọ́ Creech Elementary jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé náà ni kò mọ̀ pé inú ibi tí omi ìdídò lè tẹ́ dé ni àwọn ń gbé. Ìdójútòfò ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó gba ilé.

Àkọ́bí yín ló kù tí mo ń rò jù. Ọ̀pọ̀ ISD ló ń gba ọmọ olùkọ́ wọn láàyè láti wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn bí òbí kò tilẹ̀ gbé inú ààlà wọn, bí àyè bá wà. Nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ ra ilé kí ọmọ tó lè wọlé. Ẹ sì fi òfin ọdún 1997 sọ́kàn: ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì tirẹ̀ ní girama ń wọ yunifásítì ìjọba Texas láìjanpata, àyàfi pé UT Austin ti dín tirẹ̀ kù sí ìdá márùn-ún láti ọdún 2026. Ní girama tí gbogbo ọmọ ti ń díje bí ẹni sáré ẹ̀mí, ọmọ tó já fáfá lè wà ní àárín. Ní girama Alief tàbí ti Fort Bend kan tí ó ní àwọn kíláàsì gíga nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọmọ kan náà lè wà lókè. Ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, nítorí ẹni ọdún 14 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn kò yẹ kó tún pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì.

Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ìgbà tí wọ́n ń gba ènìyàn jù, olùkọ́ ìṣirò sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí ISD márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Katy àti Alief bá pè yín ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí owó wọn sún mọ́ra, tí Alief ka ọdún 11 yín pé tí Katy kò kà á pé, Alief ni kí ẹ gbà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì kà á pé, ẹni tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ kí ẹ jókòó sínú kíláàsì kan fún òwúrọ̀ kan ni kí ẹ bá lọ.